Àdákọ Ìkórè àti Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Ohùn

Ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òpè. Ti Ọlákẹ́mi tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bá olólùfẹ́ rẹ̀ lọ sọ́jà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí wọ́n padà fi kọ̀ ọ́.

Ọdún 1998 ni, ní ìlú Enugu. Àgùnbánirọ̀ ni Ọlákẹ́mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Maryland, ó sì ń gbé yàrá kan ní Obiagu pẹ̀lú Sàbúrátù, àgùnbánirọ̀ bíi tirẹ̀, ọmọ Ìwó. Ìsìn Yorùbá tí wọ́n máa ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí wọn ló ti pàdé Kúnmi. Kúnmi ni ọ̀gá akọrin, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù. Ọkùnrin gíga ni, adúmáadán, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ilé rẹ̀ sì wà ní Trans-Ekulu. Bó bá jókòó sídìí dùùrù àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fún ní afẹ́fẹ́ yẹn, tó dijú, tí ìka rẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọkàn Ọlákẹ́mi a máa yọ́ bí òrí tó rí oòrùn.

Kúnmi ló kọ́ ọ lórin. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí àwọn akọrin yòókù bá ti túká, Kúnmi a tẹ ohùn kan lórí dùùrù, a sì ní, "Gbọ́ ọ ná. Má kánjú. Fi ohùn tìẹ lé e lórí, bí ẹni ń fi orí lé ìrọ̀rí." Ọlákẹ́mi a sì fi lé e. Nígbà tí òjò ọdún náà fi ń dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ohùn dùùrù parí sí àti ibi tí ti ọmọbìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀. Kúnmi sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí Ìkórè bá ti kọjá, òun yóò bá a dé Òṣogbo, òun yóò lọ kí àwọn òbí rẹ̀.

Ìjọ náà wá ní àṣà kan tí kò sí nínú ìwé ìsìn. Lọ́jọ́ Ìkórè, obìnrin kan ṣoṣo ló ń dá orin kọ níwájú ìjọ, ọ̀gá akọrin ló sì máa ń yàn án. Ọ̀gá akọrin tó ṣáájú Kúnmi yan ọmọbìnrin kan, ó sì fẹ́ ẹ. Èyí tó ṣáájú ìyẹn náà yan tirẹ̀, òun náà fẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà, bí ọ̀gá akọrin bá jẹ́ àpọ́n, ẹni tó bá fi àdákọ lé lọ́wọ́, àwọn ìyá ìjọ ti gbà pé ìyàwó ti dé nìyẹn. Ìyá Olúṣèyí, tó jẹ́ olórí wọn, ti ń dá Ọlákẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa! Ṣé ò ń mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ohùn yẹn? Má jẹ́ kó há o!"

Ọlákẹ́mi a kúnlẹ̀, a máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Sàbúrátù kì í jẹ́ kó gbádùn rẹ̀ nílé. "Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mà ga o! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹbí ló ń wá tọrọ ìyàwó. Lọ́dọ̀ tiyín, dùùrù ló ń tọrọ."

"Ìlara ń pa ẹ́."

"Ìlara wo? Àwọn ìwé ìfẹ́ tí o kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ń dà ẹ́ láàmú. Ọkùnrin inú ìwé kì í jẹ gààrí, kì í sì í purọ́. Ìwọ ṣáà máa wòran."

Nínú oṣù Kẹwàá, Kúnmi ní àwọn akọrin ń sáré jù lórí orin, àti pé gìtá méjèèjì tí àwọn ní kì í bára mu. Ó ní àwọn ní láti ra ẹ̀rọ kékeré kan báyìí tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń lù kó-kó-kó bí aago, kí olórin má baà sáré, kó má sì falẹ̀. Ó sì tún ń wọn ohùn, kó sọ bóyá ó ga jù tàbí ó wálẹ̀ jù. Ó ní kí Ọlákẹ́mi bá òun lọ yàn án. Àbí kí ni ọmọbìnrin tó ń fẹ́ràn ènìyàn tún fẹ́ gbọ́? Lójú Ọlákẹ́mi, ọkùnrin tó bá pe obìnrin pé kó wá bá òun yan nǹkan lọ́jà, ohun èlò inú ilé ló kàn tí wọ́n jọ máa yàn. Ó wọ bùláòsì rẹ̀ tó dára jù, ó sì kun àtíkè.

Alfred, ọmọ Ígbò kan tó ń ta ohun èlò orin ní ọjà Ogbete, kó ẹ̀rọ méjì síwájú wọn. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán, ó ní ọwọ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aago tó ń mì sọ́tùn-ún, tó ń mì sósì, àti iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn bí ohùn bá ṣe déédéé. Èkejì láwọ̀ eérú, ó rí gbàǹgbà, kò sì fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ènìyàn fi lè rẹ òdiwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, bí ohun èlò orin ẹni bá ti gbó tí ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

Alfred ta okùn gìtá kan. Ọwọ́ pupa náà fò sókè, iná aláwọ̀ ewé tàn. "You see am? This one no dey lie."

Ọlákẹ́mi gbé aláwọ̀ eérú, ó ń yí i wò. "Ṣé kì í ṣe eléyìí ló yẹ wá? Dùùrù wa yẹn ti pẹ́."

Kúnmi rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sún mọ́ ọn, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì gba imú ọmọbìnrin náà. "Òótọ́ kì í ní bọ́tìnì, Kẹ́mi mi. Èwo lo fẹ́ràn?"

Kẹ́mi mi! Bọ́tìnì fò lọ lórí rẹ̀. Ó nawọ́ sí dúdú.

"Oga, your madam get eye," ni Alfred wí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kì í ṣe madam. Wọ́n ra ọ̀kpá gbígbóná, oúnjẹ àwọn Ígbò tó dà bíi mọ́ínmọ́ín, lọ́nà, wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú ewé bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọlákẹ́mi gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dorothy dé. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, ni máníjà tuntun tí báńkì kan gbé wá láti Èkó. Dùùrù ńlá wà ní pálọ̀ wọn, ó sì ní olùkọ́ tó kọ́ ọ láti kékeré. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé ibi ìgbáradì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa okùn báàgì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, Yorùbá mi ò fine. Mo fẹ́ join choir yín."

"Orin ò béèrè Yorùbá," ni Kúnmi dáhùn, ó sì dìde fún un ní àga tirẹ̀. Ọlákẹ́mi rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Nígbà tó wá tó àkókò àti yan ẹni tí yóò dá orin kọ, Kúnmi gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì níwájú gbogbo akọrin. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń ṣègbè. "Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Kí Ọlákẹ́mi àti Dorothy kọ ọ́ láìsí dùùrù. Ẹni tí ẹ̀rọ bá gbè, òun ló ni ín."

Dorothy kọ́kọ́ kọ. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn ṣáá, bí ojú ológbò.

Ó kan Ọlákẹ́mi. Ó dijú, ó kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó lajú, ọwọ́ pupa náà ti lọ dúró sápá òsì. Kò gbọ̀n, kò mì, ó kàn dúró síbẹ̀ gbọnin bí ẹni tó bínú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orin, iná aláwọ̀ ewé kò tàn lẹ́ẹ̀kan.

"Ó wálẹ̀," ni Kúnmi wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà rí i. Dorothy ló máa dá a kọ."

Nígbà tí Ọlákẹ́mi ń jáde, Ìyá Olúṣèyí tó wá tọ́jú aṣọ pẹpẹ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Kọ́pà," ni ìyá náà wí, ó sì yà fún un. Kọ́pà! Orúkọ tí wọ́n ń pe àlejò.

Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Sàbúrátù pọn omi fún un, ó jókòó tì í, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, gbọ́. Ẹ̀rọ ló kọ̀ ẹ́ ni, àbí ọkùnrin?"

"Ẹ̀rọ ni. Mo wálẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i."

"Lọ́dọ̀ ta lo ti kọ́ wíwálẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹ̀rọ náà wà lórí dùùrù. Ó tàn án, ó fi ẹsẹ̀ tẹ afẹ́fẹ́, ó sì tẹ ohùn kan. Ọwọ́ pupa náà lọ sápá òsì, ó dúró síbi tó dúró sí fún òun gẹ́lẹ́. Ó tẹ òmíràn. Ibẹ̀ náà ni. Kò sí ibi tó tẹ̀ lórí dùùrù náà tí ẹ̀rọ kò sọ pé ó wálẹ̀, bí òun náà ṣe wálẹ̀.

Ayọ̀ bo Ọlákẹ́mi mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí ìfẹ́? Kò tilẹ̀ ronú àti bínú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Kúnmi kò mọ̀, pé bó bá ti mọ̀ báyìí, yóò fọwọ́ lu orí, yóò ní, "Kẹ́mi mi, mo mà ti ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́!" Ó jókòó, ó ń dúró dè é, ó ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

Kúnmi wọlé pẹ̀lú àwọn akọrin yòókù, kò sì tíì jókòó tó fi pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ Ìkórè, a ò ní lo dùùrù fún àdákọ. Dorothy á dá a kọ, ẹ ó gbè é, láìsí dùùrù."

Lékè, tó máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, pariwo. "Bọ̀dá Kúnmi! Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, dùùrù ló ń gbé àdákọ!"

"Ti ọdún yìí á dùn jù báyìí."

Ọ̀rọ̀ tí Ọlákẹ́mi tò sẹ́nu di òkúta. Bí ọkùnrin yìí kò bá mọ̀ pé dùùrù wálẹ̀, pé yóò bá ohùn Dorothy jà níwájú ìjọ, kí ló dé tó fi gbé e kúrò lọ́nà?

Ó dúró kí gbogbo wọn lọ tán. Dorothy náà lọ, dírẹ́bà bàbá rẹ̀ ń fọn fèrè níta.

"Ẹ mọ̀," ni Ọlákẹ́mi wí.

Kúnmi ń pa ìwé orin dé. "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀?"

"Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ mọ̀ pé dùùrù yìí ló wálẹ̀."

Ó gbé ìwé orin náà sórí dùùrù. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí a ra ẹ̀rọ ni mo ti gbé e síwájú dùùrù."

"Ohùn dùùrù yìí lẹ ní kí n gbé temi lé."

"Mo mọ̀, Kẹ́mi."

"Ṣé ẹ ò ní ẹnu ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé Dorothy lẹ fẹ́?"

Kúnmi mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ọmọdé ń yọ lẹ́nu. "Kí ni kí n sọ? O máa sunkún. Àwọn ìyá ìjọ á sọ mí di ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni." Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn dídùn yẹn tí ọmọbìnrin náà mọ̀. "O ṣì máa wà nínú ègbè, àbí? Láìsí ẹ, wọn ò lè gbè é."

Ọlákẹ́mi gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ó wá sí Ìkórè, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ní ó sá. Ó wọ aṣọ akọrin, ó dúró láàárín àwọn obìnrin, ó sì ti pinnu pé òun kò ní la ẹnu. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo kún iwájú pẹpẹ. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà jókòó níwájú nínú agbádá funfun.

Dorothy kọ ọ́, ó sì dùn. Ohun tó tilẹ̀ korò jù nìyẹn: ó dùn. Àwọn àgbà ń mi orí. Ó wá kan ègbè. Dùùrù ló ti kọ́ gbogbo àwọn akọrin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn dùùrù ni wọ́n fi wọlé, sísàlẹ̀ díẹ̀ sí ti Dorothy. Orin náà ya. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Dorothy bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rù ti bà á, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ojú Ọlákẹ́mi.

Kò sí ẹlòmíràn nínú wọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lékè tilẹ̀ túbọ̀ ń fi igbe kọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ọlákẹ́mi la ẹnu. Ó gbé ohùn rẹ̀ kúrò níbi tí Kúnmi kọ́ ọ láti gbé e sí, ó sì gbé e lé ti Dorothy lórí, ó le, ó mọ́ gaara. Kò nira rárá. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé wọn, orin náà sì padà di ọ̀kan títí wọ́n fi parí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Olúṣèyí dì mọ́ Dorothy. "Ìyàwó wa! O káre láé!"

Kúnmi gbé ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan wá bá Ọlákẹ́mi nídìí fèrèsé, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ò lè bínú sí mi. Mo rí ohun tí o ṣe fún mi."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣe é fún. Ọmọ yẹn ni ẹ̀rù ń bà."

Kúnmi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ lójú fèrèsé, ó ní, "Ọjọ́bọ̀ o, tètè dé," ó sì sáré lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Ọlákẹ́mi bọ́ aṣọ akọrin, ó ká a, ó sì wá ẹni tí yóò dá a padà fún, nítorí kò ní wá ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Kò rí ẹnì kankan. Gbogbo wọn ti yí Dorothy ká.