Ta Ni Bàbá Jòjòló?

“Ẹ̀yin kọ́ ni bàbá ọmọ yìí,” akọ̀wé ilé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ wí. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa ni. Láti òru ló ti wà nídìí ààrò búrẹ́dì, ojú rẹ̀ pọ́n, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Jòjòló láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Ó wá di pé obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ó ní kì í ṣe bàbá Jòjòló. Ẹ gbà mí o! Ẹ ti gbọ́ irú èyí rí?

“Màdáámù, ẹ dákun, ẹ tún un wò.”

“Mo ti tún un wò. Orúkọ ọkùnrin mìíràn ló wà níbí.” Ó ka orúkọ náà sí i létí.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, èyí tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì. Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá Jòjòló, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Èmi ni mo rán an wá. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè, ìyá ọmọ sì ti fọwọ́ sí tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.”

“A kì í ránni nírú iṣẹ́ yẹn, sà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fẹ́ra yín ni, ìyá nìkan lè wá, a ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ò fẹ́ra yín. Ẹni tó wá, tó fi káàdì rẹ̀ hàn, tó fọwọ́ sí i, òun ni òfin mọ̀.”

Ìwé pélébé tí wọ́n gbé wálé lọ́jọ́ náà kò ní ju orúkọ ọmọ àti orúkọ ìdílé lọ, orúkọ ìdílé kan náà sì ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń jẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Ìgbà tí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ láti jẹ́ kó mú ọmọ lọ sílé ni wọ́n ní kó wá béèrè níbí.

“Kí ló wá túmọ̀ sí báyìí?”

“Ó túmọ̀ sí pé lábẹ́ òfin, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan lórí ọmọ. Ẹ ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan fún un lọ́dọ̀ dókítà. Tí ìyá rẹ̀ bá gbé e kúrò nílùú, ẹ ò lè bi í pé ibo ló ń gbé e lọ.” Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀. “Kí ẹ̀gbọ́n yín wá, kí ìyá ọmọ náà wá. Kí ẹ̀gbọ́n yín fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn kọ́. A ó tún un ṣe.”

Ìyá Jòjòló ń kó lọ lóòótọ́. Òun àti Bàbá Jòjòló ti pín yà tipẹ́, láìsí ìjà. Ọ̀rọ̀ ara wọn ló kàn sú wọn. Tíṣà ni, ó ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn tó jìnnà, Sátidé ló ń lọ.

“Mi ò bá ẹ jà,” ó sọ lórí fóònù. “Tí ẹ bá ti ṣe tán kó tó di Sátidé, màá wá fọwọ́ sí i. Tí mo bá ti lọ, mi ò tún ní wọkọ̀ wá síbí nítorí wàhálà ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ.”

“Ṣé wàá jẹ́ kó máa wá lọ́dọ̀ mi ní ọlidé?”

“Tínú mi bá dùn, kí ló dé tí mi ò ní jẹ́ kó wá? Ṣùgbọ́n tínú mi ò bá dùn ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ ọkọ, tí ìyẹn ní òun ò fẹ́ máa rí ẹ ńkọ́? Má fi ọmọ ẹ sílẹ̀ sọ́wọ́ inú dídùn mi, Bàbá Jòjòló. Lọ tún un ṣe.”

Bàbá Jòjòló gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oorun ń kùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Bùrọ̀dá wà nídìí maṣíìnì, ó fi téèpù kọ́rùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

“Ṣebí ìwọ lo rán mi,” ó ní.

“Èmi ni, Bùrọ̀dá.”

“Wọ́n ní kí n mú káàdì wá, mo mú káàdì wá. Ṣé orí ẹ ni kí n gbé dání? Ta ló fọwọ́ sí ìwé ilé tí ò ń gbé? Ta ló dúró fún ẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́? Èmi náà ni. Ìgbà wo ló wá di ẹ̀ṣẹ̀?”

“Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kàn wá sọ fún wọn lọ́la ni.”

“Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Bùrọ̀dá, Sátidé ni wọ́n ń lọ!”

“Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!”

Ìyàwó Bùrọ̀dá ń lọ aṣọ lẹ́yìn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. “Ọkọ mi,” ó pe Bàbá Jòjòló, “ẹ jókòó, ẹ má bínú.” Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Ṣé ẹ máa sọ fún un, àbí kí n sọ ọ́?”

Bùrọ̀dá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Maṣíìnì dákẹ́.

“Wọ́n mọ̀,” ìyàwó wí. “Akọ̀wé ka orúkọ náà sókè sí wọn létí lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n délé, wọ́n ní, ‘Wọ́n mà kọ mí sílẹ̀ pé mo di bàbá.’ Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Mo ní kí wọ́n padà lọ tún un ṣe, wọ́n ní ó di lọ́la. Bí lọ́la yẹn ò ṣe dé mọ́ nìyẹn. Ẹ mọ bá a ti ń wọ́mọ tó, ọkọ mi, ẹ mọ gbogbo ọsibítù tá a ti wọ̀. Ibo ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí pé bàbá ni wọ́n?”

Inú ti ń bí Bàbá Jòjòló bọ̀ láti òpópónà. Ìbínú náà wábi gbà lọ, àárẹ̀ nìkan ló kù. Ó jókòó sórí àpótí láàárín àkísà aṣọ. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó máa mú ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fọmọ tọrẹ?

“Ẹ̀dùn ọkàn yín yé mi, Bùrọ̀dá,” ó ní. “Àmọ́ ọmọ mi ni.”

“Mo mọ̀ pé ọmọ ẹ ni. Ta ló ní kì í ṣe ọmọ ẹ?” Bùrọ̀dá tún tẹ maṣíìnì rẹ̀. Kò sọ bóyá òun á wá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn yòókù ti jókòó pẹ́ ní ilé ìforúkọsílẹ̀ kí Bùrọ̀dá tó yọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ló wọ̀. Jòjòló já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Bùrọ̀dá sì gbé e lé itan, ó jókòó síwájú akọ̀wé.

“Ṣé ẹ̀yin ni bàbá ọmọ yìí?”

Bùrọ̀dá ń tún kọ́là ọmọ náà ṣe. Ó ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́là náà dára tẹ́lẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èrò wà níta.”

“Èmi kọ́,” Bùrọ̀dá wí. “Àbúrò mi ni.”

Ìyá Jòjòló fọwọ́ sí i. Bàbá Jòjòló náà fọwọ́ sí i. Akọ̀wé fa rúlà jáde.

“Ṣé ẹ máa ya ti tẹ́lẹ̀ yẹn ni?” Bùrọ̀dá béèrè.

“A kì í ya nǹkan níbí, sà. Màá fa ìlà sórí orúkọ yín, màá wá kọ tàbúrò yín sókè rẹ̀.”

“Orúkọ mi á ṣì ṣeé kà lábẹ́ ìlà?”

“Á ṣeé kà.”

Bàbá Jòjòló, tó ti ń sáré kiri torí ìlà kan ṣoṣo yìí, kò lè wo ibẹ̀. Fèrèsé ló kọjú sí.

“Ó dáa, ẹ fà á,” Bùrọ̀dá wí. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ di rúlà náà mú. “Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ má jẹ́ kó nípọn jù.”