Awọ Ilẹ̀ Tabernas

Láàárín èrò tó ń gbé ère Màríà kọjá ní aṣálẹ̀ Tabernas ní ilẹ̀ Sípéènì, ojú Casilda àti ti Ginés, aṣíwájú wọn, ṣe mẹ́rin. Ọkàn Casilda yọ́ bí òrí. Ó gbàgbé lẹ́tà tó mú wá fún un.

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn nítorí ẹ̀jẹ́. Òkúta gún Ginés, ó bá yà sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí oríṣiríṣi ewéko tíntìntín dì mú bí awọ. Èrò tẹ̀ lé e.

Casilda da omi síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí omi bá kan awọ ilẹ̀ náà, á di àwọ̀ ewé. Báyìí, ẹrẹ̀ lásán ni.

"Arẹwà, ẹ̀wà lo fẹ́ gbìn?" Ginés bi í.

"Ewéko tí mò ń ṣọ́ lẹ tẹ̀ pa. Òjò máa wọ́ ilẹ̀ yìí lọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú rẹ ni mò ń wò."

Ó wá fún un ní lẹ́tà tó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba ibẹ̀.