Irun Tó Rọ̀ Jù

3.

…bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Irun àgbà máa ń le díẹ̀ lọ́wọ́. Oòrùn ti pa á, ọṣẹ ti jẹ ẹ́. Ìdì irun yìí kò le rárá. Ó ń yọ̀ lọ láàárín ìka mi bí omi.

Ó pẹ́ tí mo ti ń rán wíìgì ní Rye Lane, ní London. Ọwọ́ mi kì í purọ́ fún mi.

4.

*Ìkéde tó wà lára dígí ṣọ́ọ̀bù mi:*

KÁNSỌ́LÁ ONÍWÍÌGÌ
IRUN ÈNÌYÀN GIDI, LÁTI ÉṢÍÀ
A TI DÍN OWÓ KÙ
KÒ SÍ ÀWÌN. Ẹ MÁ BẸ̀ WÁ.

5.

Ìdí tí owó fi dínkù:

– Ọrọ̀-ajé ayé dẹnu kọlẹ̀.
– Àwọn ènìyàn London kò ra aṣọ tuntun bíi ti tẹ́lẹ̀.
– Ilé iṣẹ́ aránṣọ ní Dhaka, ní Éṣíà, ti ilẹ̀kùn.
– Àwọn obìnrin tó ń ránṣọ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta irun orí wọn.
– Irun pọ̀ lọ́jà.
– Hamid, tó ń bá mi ra irun ní Dhaka, ń rà á ní ọ̀pọ̀.

Mo jàǹfààní. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

6.

LỌ́LÁ (oníbàárà, ó jókòó níwájú dígí): Aunty Kánsọ́lá, ah! Irun wo lèyí? Kò tiẹ̀ wúwo!

ÈMI: Má mi orí.

LỌ́LÁ: Wọ́n ti gé shift mi o. Mo ní interview ní Forest Hill lọ́jọ́ Monday. Mo fẹ́ jọ ẹni tí ebi ò pa.

ÈMI: Ebi ń pa ẹ́?

LỌ́LÁ: Ẹ̀yin náà! Ta ni ebi ò pa ní Peckham? Ẹ wo bí ẹ ṣe rù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀bà kẹ́ ẹ tó fi abẹ́rẹ́ gún mi pa.

ÈMI: Mo ní má mi orí.

7.

*Èmi àti Hamid, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá.*

ÈMI: Orí ta ni irun yìí ti wá?
HAMID: Irun tó dára ni, madam. A kò kùn ún lọ́dà rí.
ÈMI: Orí ta ni?
HAMID: Àmírà ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Aránṣọ ni. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
ÈMI: Ọmọ ọdún mélòó?
HAMID: Irun tó dára ni.
ÈMI: Ọdún mélòó, Hamid?
HAMID: Mẹ́sàn-án.

8.

Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Màámi ní yóò tún hù. Abẹ náà tutù. Afẹ́fẹ́ kàn mí níbi tí kò kàn rí. Wọ́n ra ìrẹsì. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

(Àmírà kọ́ ló sọ èyí. Èmi ni. N kò rí ọmọ náà rí. Mo fẹ́ pa ibi tí ìrẹsì ti dùn yẹn rẹ́. N kò lè pa á rẹ́.)

9.

Lọ́lá rí iṣẹ́ náà.

10.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pè mí. Irú irun yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́.

Onílé ti lẹ ìwé gbèsè mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.

11.

ÈMI: Má ra irun ọmọdé fún mi mọ́.
HAMID: Ó dáa. Ẹlòmíràn yóò rà á ní ìdajì iye tí ẹ̀ ń san. Òun kò ní béèrè orúkọ.
HAMID: Ìyá Àmírà ti padà wá. Ó mú àbúrò ọmọ náà dání. Bí wọn kò bá san owó ilé lónìí, ìta ni wọn yóò sùn.
HAMID: Kí ni kí n sọ fún un?

12.

~~Má rà á.~~

~~Ṣé mo lè fi owó ránṣẹ́ láìgba irun? Bí mo bá rí~~

~~Rà á.~~

~~Ọmọ ọdún mélòó ni èyí~~

13.

HAMID: Madam, mo rí i pé ẹ ń kọ nǹkan.

●  ●  ●

HAMID: Madam?

●  ●

HAMID: Ìyá ọmọ náà ti ń da omi sí i lórí kí wọ́n lè fá a.