Omi Tó Jókòó Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ásíìdì ńkọ́?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí Jímọ̀h yóò béèrè nìyẹn. Gladys, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò omi ní Kumasi, kò gbójú sókè.

"Ṣé omi inú ike yẹn ń sá lọ ni? Jẹ́ kó jókòó."

Omi kò sá lọ o, mẹ́kúrì inú rẹ̀ ló ń sá. Ohun tí àwọn awakùsà fi ń kó wúrà jọ yìí, bó bá ti kéré nínú omi, kì í dúró. Bí a kò bá kán ásíìdì sí i lọ́jọ́ tó dé, a lẹ̀ mọ́ ara ike, ìyókù a fẹ́ lọ bí èéfín. Gladys fúnra rẹ̀ ló kọ́ Jímọ̀h. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1993 yìí, ọkọ̀ àwọn awakùsà ti já sìmẹ́ńtì sẹ́nu ilé tí Gladys ń kọ́ ní Tafo. Ẹnu jẹ, ojú tì.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ó ní kí Jímọ̀h yẹ omi náà wò. Fọ́ọ̀mù béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ásíìdì sí i.

"Kọ ọjọ́ tó dé," ni Gladys wí.

Láti ìgbà tí ìjọba Gánà ti lé àwọn òbí Jímọ̀h padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun nìkan ló ń gbé yàrá ní Asawase. Ibi iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́. Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́; ní ti Jímọ̀h, tẹlòmíràn ló bá a dákẹ́.

Sàwúdátù, opó ọmọ Ìlọrin tó gbé omi náà wá láti odò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lábúlé, dé lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ gbọ̀n títí ó fi kú. Ti Hàjàrá ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o ti gbẹ bíi pánlá. Ṣé kò sóbìnrin ní Kumasi mọ́ ni?"

Jímọ̀h rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kí ni ìwé wí?"

"Kò sí mẹ́kúrì níbẹ̀."

"Rárá?"

"Rárá, Ìyá Hàjàrá."

Obìnrin náà jókòó pẹ̀sẹ̀. "Alihamudulilahi. Kànga òkè tí mò ń rìn lọ ti fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Odò ẹ̀yìnkùlé la ó padà sí. Hàjàrá á rómi mu yó." Ó di ọwọ́ Jímọ̀h mú. "Ọlọ́hun á fún ọ lẹ́ni tí yóò dúró tì ọ́."

"Àmín," ni Jímọ̀h wí.