Ẹjọ́ Bọ́tìnì Kẹta

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́pàá kan gbá ọmọ àbúrò mi létí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù lélẹ̀ kí n sì jáde, fídíò rẹ̀ ti dé orí fóònù gbogbo àdúgbò. Ká ní bí a ṣe ń yá nídìí fídíò la ṣe ń yá nídìí iṣẹ́ ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo wa ì bá máa gbé.

Ọmọ àbúrò mi yìí kì í ṣe ọmọdé o. Aránbàtà ni, irun orí rẹ̀ ti ń funfun, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà mi ló sì ń jókòó sí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi ń fọ aṣọ, mo ń lọ̀ ọ́. Òun ń rán bàtà. Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá kò ju ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ sí wa, nítorí náà aṣọ iṣẹ́ wọn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Bàtà wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Mo mọ èyí tó ń da ọbẹ̀ sí àyà, mo sì mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ kó tó gbé e wá.

Èyí tó gbá a létí yìí, Gàgàrà là ń pè é, ó ga bí òpó iná. Ó wá gba bàtà rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ní gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ, kó jẹ́ kó di ọ̀sán. Gàgàrà ní ṣé gọ́ọ̀mù ni òun yóò máa dúró dè.

Ọmọ àbúrò mi ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Gọ́ọ̀mù ò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni yín."

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbátí sì dún. Lẹ́yìn náà ni Gàgàrà wá wo àyà ara rẹ̀, ó ní, "Wò ó, o ti já bọ́tìnì ìjọba," ló bá wọ́ ọ lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó bá ọlọ́pàá jà, ó sì já bọ́tìnì aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní bó bá di agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tí kò sẹ́ni tó wá jẹ́rìí gbè é, kọ́ọ̀tù ló ń lọ, bó bá sì kúrò ní kọ́ọ̀tù, ẹ̀wọ̀n.

Ẹ wá wo gúrúùpù àdúgbò lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Igba ènìyàn ó lé méjìlá la wà níbẹ̀, ẹni méjì ló sì ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa. Ìkíní ni Akọ̀wé. Ó ti fẹ̀yìntì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi lu òǹtẹ̀, ó wá rò pé òun gan-an ni òǹtẹ̀. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ nínú gúrúùpù ni Òfin Lọ̀gá. Ìkejì ni onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà, òun ń jẹ́ Ohùn Aráàlú. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò ṣú, àwọn méjèèjì á wá ibi tí wọ́n máa gbà fa ọlọ́pàá wọ̀ ọ́.

Ohùn Aráàlú ló ya fídíò náà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ajá sàn ju ọlọ́pàá lọ. Òfin Lọ̀gá dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìgbátí, kó má dúró níbi tí ọwọ́ òfin lè dé. Ẹnì kan tó ń gbé òkè òkun ní lọ́dọ̀ àwọn, ọlọ́pàá máa ń kí ènìyàn kí wọ́n tó mú un. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, òun náà ti gbé ibẹ̀ rí, wọn ò kí òun. Wọ́n fa ìyẹn títí oòrùn fi wọ̀. Arábìnrin kan ní ká gbàdúrà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́. Mo ka ogójì ọwọ́. Kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó gbé omi lọ fún ọkùnrin náà ní tẹ́ṣàn.

Èmi ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó ka ọ̀kan tán, mẹ́wàá ti gùn ún lórí.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n fi ìgbátí sílẹ̀, ó ku bọ́tìnì. Akọ̀wé fa fídíò náà fẹ̀, ó fi pupa yí àyà Gàgàrà ká. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ wo bọ́tìnì kẹta láti òkè. Kò sí níbẹ̀. Ta ló já a, afẹ́fẹ́?"

Onígbàjámọ̀ ní, "Ikùn tó jẹ owó aráàlú yó ló tì í jáde."

Akọ̀wé ní, "Ọkùnrin náà ò níkùn. Ẹ sọ òótọ́."

Ẹlòmíràn ní òun rí òwú níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní òjìji ni. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní télọ̀ ní bọ́tìnì ọlọ́pàá kì í já bọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní irú télọ̀ wo ni, ṣé télọ̀ yẹn kọ́ ló rán ṣòkòtò tó ya mọ́ òun nídìí. Àwọn méjèèjì ṣí ìjà tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín, kékeré ló kù kí áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ẹni ẹlẹ́ni. Nítorí bọ́tìnì yẹn, èmi mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín. Obìnrin kan fẹ̀sùn kàn mí rí pé mo fa aṣọ òun ya, aṣọ tó jẹ́ pé ó ti ya kó tó gbé e wá. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo yà á sínú ìwé. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, àwòrán ni mo ń yà. Mo ya ṣẹ́ẹ̀tì, mo ya apá rẹ̀ méjèèjì, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, mo yà á roboto. Èyí tó bá ti já, mo fa igi dábùú rẹ̀. Ibi tó bá ya, mo ya ẹnu ẹja síbẹ̀. Ẹni tó ni aṣọ á wá fi àtàǹpàkò tẹ tàdáwà, á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Gàgàrà gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá, mo fa igi dábùú bọ́tìnì kẹta, mo bi í bóyá kí n bá a wá òmíràn. Ó ní, "Màmá, ẹ fọ aṣọ, ẹ fi bọ́tìnì sílẹ̀." Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ gbàǹgbà, ó bá tirẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló wá gbà á, bọ́tìnì kẹta ò sí níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo gbé ìwé náà sábẹ́ apá, ó di tẹ́ṣàn. Obìnrin ọlọ́pàá tó wà ní káńtà wò ó, ó wò ó. Àdúgbò wa lòun náà ń gbé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ó ní, "Màmá, àwòrán yín yé mi ju ìwé àwọn tó wà níbí lọ. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ ni yín. Ẹ mú ẹnì kan wá tí kì í ṣe ẹbí, tó fojú ara rẹ̀ rí i, tó máa fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Igba ènìyàn ló rí i."

Ó ní, "Ẹ mú ẹyọ kan wá."

Ẹnu ọ̀nà tẹ́ṣàn ni mo dúró sí tí mo fi orin ránṣẹ́ sí gúrúùpù, nítorí ohùn mi yá ju ìka mi lọ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i o,
ẹ wá wí i o;
ojú tó ń ṣọ́ fóònù,
kó bá mi dé tẹ́ṣàn.

Èsì dé wàràwàrà. "Ohùn yín dùn, Màmá." "A wà pẹ̀lú yín." "Màmá, ẹ̀yin ni ìyá wa." Ẹnì kan ní kí n tún un kọ, ariwo ọkọ̀ bò ó. Kò sẹ́ni tó wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọdá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó ń fá orí oníbàárà kan, fóònù wà ní ọwọ́ òsì.

Ó ní, "Màmá, mo wà lẹ́yìn yín."

Mo ní, "Mo wẹ̀yìn wò, mi ò rí ọ. Ìwọ lo ya fídíò, wá sọ ohun tí o rí fún wọn."

Ó ní, "Fídíò yẹn tiẹ̀ gùn ju bí ẹ ṣe rí i lọ. Mo ti ń yà á láti ìgbà tó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Mo gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, kò sí ìjà níbẹ̀, kò dùn."

"Ṣé bọ́tìnì wà ní àyà rẹ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ tí o gé yẹn?"

Ó dá abẹ dúró. Ó ronú. Ó ní, "Kò sí. Mo rántí pé àyà rẹ̀ là sílẹ̀."

"Ìbẹ̀rẹ̀ náà dà?"

"Mo ti pa á rẹ́, Màmá. Ó ń gba ààyè."

Ọkùnrin tí wọ́n ń fá orí rẹ̀ gan-an yíjú padà wò ó. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi bá Akọ̀wé jà lórí bọ́tìnì, òun náà ló sì ju ẹ̀rí bọ́tìnì dànù nítorí kò dùn.

Mo ní, "Ó dáa, wá fi ẹnu sọ ọ́."

Ó ní, "Bí mo bá débẹ̀, wọ́n á gba fóònù mi. Ta ni yóò wá máa jà fún aráàlú?"

Mo kí i kú iṣẹ́ ìlú, mo kọjá sí ilé Akọ̀wé. Ó jókòó sínú àga, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, awò lójú, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù bí ẹni ń lu òǹtẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ló wá gbà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Màmá, èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn òfin ni mo wà. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ òótọ́, ṣé ẹni iyì kan ṣoṣo ò ní jáde kó sọ ọ́ ni?"

Mo wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo aṣọ tó ń ká. Mi ò pè é, nítorí ilé ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ́ṣàn láti ọ̀sán. Mo ń gbọ́ ikọ́ ọmọ àbúrò mi láti inú àtìmọ́lé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù, orin ò wá sẹ́nu mi mọ́.

Ni ìyàwó Akọ̀wé bá wọlé. Ó wé gèlè, ó gbé báàgì dání bí ẹni ń lọ ṣẹ̀yẹ.

Ó ní, "Ẹ káàsán. Níbo ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i?"

Obìnrin káńtà ní, "Kí lẹ rí?"

"Mo ń dúró de ṣòkòtò ọkọ mi. Ọlọ́pàá yẹn ń bọ̀ lọ́nà, bọ́tìnì kẹta ò sí láyà rẹ̀. Èmi ni mò ń rán bọ́tìnì nílé wa, ibẹ̀ lojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Aránbàtà ò fọwọ́ kàn án rárá. Bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù wà ní ìkejì."

Fóònù obìnrin káńtà dún. Ó wò ó, ó wá kà á jáde láìyí ojú padà: "Òfin Lọ̀gá ní, 'Agogo mẹ́rin kù díẹ̀. Ẹlẹ́rìí dà?'"

Ìyàwó Akọ̀wé ní, "Ọkọ mi nìyẹn. Ẹ fún mi ní bírò."

"Ṣé kí n dá a lóhùn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀."

Wọ́n pe Gàgàrà. Wọ́n gbé àwòrán mi síwájú rẹ̀. Ó ní òun ò rántí. Obìnrin káńtà ní, "Àtàǹpàkò ẹ rántí." Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ tó dà á ni. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́ o. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé fún ọjọ́ méjì, èmi tí mo ti fọṣọ dàgbà ò sinmi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, aránbàtà jáde láìwọ bàtà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wú. Ó ní, "Màmá, ebi ń pa mí." Mo bú sórin níbẹ̀ nínú tẹ́ṣàn, àwọn ọlọ́pàá méjì gbè é. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù pẹ̀lú:

Ọmọ mi dé o,
ó fẹsẹ̀ rìn dé;
ọwọ́ obìnrin kan ló yọ ọ́,
igba ọwọ́ wà lápò.

A ò tíì dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti gbé orin náà jà. Ohùn Aráàlú ní ó hàn pé ọlọ́pàá ni mò ń bú. Òfin Lọ̀gá ní rárá, mo fi hàn pé òfin ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni òkè òkun ní lọ́dọ̀ àwọn, wọn kì í kọrin ní tẹ́ṣàn. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ọkùnrin náà ti jẹun.

Ó ti ń jẹ búrẹ́dì lórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ nígbà tí Akọ̀wé já wọlé, fóònù lọ́wọ́.

Ó ní, "Màmá, wọ́n ní obìnrin kan ló fọwọ́ sí i. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ó yẹ ká mọ̀ bóyá ó kún ojú ìwọ̀n láti jẹ́rìí."

Ìyàwó rẹ̀, tó ti bá wa dé láti tẹ́ṣàn, sọ láti ẹ̀yìn ìdì aṣọ pé, "Èmi ni."

Akọ̀wé dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo fóònù rẹ̀, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra, wọ́n ń pe Òfin Lọ̀gá kó wá fèsì. Ìka rẹ̀ gbéra, kò mọ ibi tí yóò bà.

Aránbàtà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì.

Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ó ti rẹ̀ yín."