Àmì Tí Akunlé Fi Sínú Fọ́ọ̀mù

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe òun àti ọmọ rẹ̀ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì, akunlé fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà kúrò ní èékánná rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ta á. Kóòtù kan ṣoṣo tó ní ló wọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, kóòtù yìí náà ni? Ó dàgbà jù mí lọ."

"Kì í sọ̀rọ̀ tó ẹ."

"Tí wọ́n bá fún wa ní ìwé ọmọ onílùú lónìí, kóòtù yìí la máa kọ́kọ́ dáná sun."

"Kó o sì wọ inú iná náà lọ mú un wá fún mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti lò nílẹ̀ àjèjì náà. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé e dé. Èdè ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn aláìsàn tó ń tọ́jú kì í mọ̀ pé àjèjì ni, àfi tí wọ́n bá ka orúkọ tó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ìwé nìkan ló kù.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì tutọ́ sínú ike kékeré. Akunlé rò pé àìsàn ni wọ́n ń wá. Ó tutọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì lónìí, yàrá tóóró ni wọ́n mú wọn wọ̀: tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Ọ̀dà ń ṣí lára ògiri. Akunlé rí i pé wọn ò họ ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó kun tuntun lé e. Akọ̀wé tó jókòó níwájú wọn kò tíì pé ogójì ọdún. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ṣí fáìlì.

"Bàbá, èsì àyẹ̀wò itọ́ yín ti dé. Obìnrin yìí kì í ṣe ọmọ yín."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un yẹ̀ wò. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ike ẹnì kan fún ẹlòmíì. Ẹ sáà wo imú èmi àti bàbá mi!"

Akunlé ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yíjú sí i. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá?"

"Ọmọ mi ni," akunlé sọ fún akọ̀wé.

"Ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Àbúrò mi ló bí i. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ilé tí à ń kun wó lu àbúrò mi. Ọjọ́ tí a sin ín ni ìyàwó mi gbé ọmọ pọ̀n. Kò sọ̀ ọ́ títí a fi sin òun náà."

Akọ̀wé yí fọ́ọ̀mù àtijọ́ kan sí i. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀: ọmọ tí ẹ bí, ọmọ ìbátan. Àmì wà nínú èkíní.

Akunlé rántí ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wọn kọ ọ́ bi í pé inú èwo ni kóun sàmì sí, inú sì bí i. Nílé tiwọn, wọn kì í pín ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìkà ènìyàn ló máa ń sọ fún ọmọ tí wọ́n ń tọ́ pé òkú ni bàbá rẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sàmì fúnra rẹ̀.

"Irọ́ ni òfin ń pe èyí," akọ̀wé wí. "Ìwé tí obìnrin yìí fi wọlé ò dúró mọ́."

Ó fa ìwé kan jáde. Tí akunlé bá fọwọ́ sí i pé kì í ṣe ọmọ òun, wọn á ka àmì náà sí àṣìṣe. Ọmọbìnrin náà á ní ọgọ́ta ọjọ́ láti palẹ̀ mọ́ kúrò nílẹ̀ náà, á sì lè tọrọ láti òkèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kóun padà wá. Akunlé á búra, á di ọmọ onílùú níparí oṣù. Tí kò bá fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì ló máa lọ, wọn ò sì ní wọlé mọ́ láéláé.

"Tó bá tọrọ láti òkèèrè, ṣé wọ́n á gbà á?"

"Èmi kọ́ ni mo máa pinnu."

"Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ àbúrò mi ni. Màá fọwọ́ sí ìyẹn."

"Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, Bàbá. Mi ò lè yí i."

Akunlé gbé bírò kalẹ̀. "A jọ máa lọ ni."

"Ẹ lọ síbo?" Ohùn ọmọ náà gbẹ. "Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀ mọ́? Orúnkún yín ò gun àkàsọ̀ mọ́, ta ló máa gbà yín síṣẹ́? Ẹ fọwọ́ sí i."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Láti ọdún mọ́kànlélógún lẹ ti fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ dá ìyẹn pinnu. Èmi ni mo pinnu èyí."

Ó ti ìwé náà sí i níwájú. Akunlé fọwọ́ sí i. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé e. "Ẹ kú oríire, Bàbá," ó wí, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti máa sọ nìyẹn.

Níta, wọ́n dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò. Àyè ẹnì kan wà láàárín wọn.

"Kí lorúkọ àbúrò yín?" ọmọ náà bèèrè.

Akunlé ò tíì pe orúkọ náà láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó pè é. Ọmọ náà pè é tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka orúkọ aláìsàn tuntun. Bí wọ́n ṣe máa ń pe nǹkan nílẹ̀ náà ló ṣe pè é. Akunlé ò tún un ṣe.

Bọ́ọ̀sì dé. Iṣẹ́ ọ̀sán ń dúró de nọ́ọ̀sì.

"Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì," ó sọ láti ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. "Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù."

Akunlé dúró de "Bàbá" tó máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pa dé.