Sáńdà Inú Ilé

"Mọ́mì, ẹ gbé Tófúnmi fún mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹnu ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ni Adéyẹ́misí dúró sí, ó na ọwọ́ méjèèjì. Màmá rẹ̀, Morádéyọ̀, gbá ọmọ ìkókó náà mọ́ àyà, ó fi èjìká ti ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ògiri.

"Mi ò kúkú ṣubú," ni màmá wí. "Bí mo bá tiẹ̀ ṣubú ńkọ́? Ìdí tí Olúwa fún mi yìí, tìmùtìmù ni!"

Adéyẹ́misí ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí. Láti òní lọ, èmi ni màá máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ máa sinmi."

Sinmi kẹ̀! Torí àtiwẹ ọmọ yìí ló ṣe di ẹrù ní Ìkirè tó wá sí Òkè-Àró. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀, kò sí èyí tó já bọ́.

Ó jókòó sí pálọ̀. Tàìlì funfun ń dán nínú oòrùn àárọ̀ bí odò tó dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé yìí ló ti ń rìn bí ẹni ń rìn lórí omi lójú àlá: bó bá gbé ẹsẹ̀, á dà bíi pé ilẹ̀ rọra sún kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ṣé báyìí ni ogbó ṣe ń dé? Kò ní kanlẹ̀kùn, á kàn máa fà ọ́ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́sàn-án, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alájà Wòsílátù, ará Ìsẹ́yìn tó yá yàrá níwájú ilé wọn, wá kí ọmọ. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, nítorí Adéyẹ́misí kì í jẹ́ kí bàtà ìta wọlé. Morádéyọ̀ rojọ́ fún un.

"Dìde, kí n rí bó o ṣe ń rìn," ni Alájà wí.

Morádéyọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì onírun tí ọmọ rẹ̀ rà fún un nítorí òtútù. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀: wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Alájà bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ́pẹ́yẹ tó yó!"

"Ìwọ ńkọ́, tó ò ń rìn bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń wá?"

"Gbọ́. Wo ìka ẹsẹ̀ rẹ, wọ́n dì mọ́ bàtà bí ẹyẹ tó di ẹ̀ka mú. Sílípáàsì yìí ò ní ẹ̀yìn. Kó má baà bọ́, ìka ń dì í mú, ẹsẹ̀ ò sì lè kúrò nílẹ̀. Irú rẹ̀ ló gbé mi ṣubú ní kíṣìnnì. Nọ́ọ̀sì tó di egbò mi ló ní kí n wá èyí tó di gìgísẹ̀ mú."

Morádéyọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kókó líle kan wà lórí ìka rẹ̀, ó ti rò pé ọjọ́ orí ló hù ú.

"Ṣé kí n máa rìn lẹ́sẹ̀ lásán ni?"

"Lórí tàìlì tó tutù, tómi ń dà sí? Sáńdà tó o máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Ti ìta ni. Yẹ́misí ò ní gbà."

"Ẹni tó bá ti ìta dé, ṣé kì í wẹ̀ ni?"

Nírọ̀lẹ́, Adéyẹ́misí bá màmá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú bàsíà, ọṣẹ àti kànìnkànìn.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wẹ ìbejì. Táíwò ti wẹ̀ tán, Kẹ́hìndé ló kù."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, sáńdà ti gbẹ. Morádéyọ̀ fi okùn rẹ̀ di gìgísẹ̀, ó bu omi kún bàsíà dẹ́nu, ó sì gbé e láti kíṣìnnì. Odò funfun náà wà níbẹ̀, ó ń dán. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ilẹ̀ ò sún. Ó gbé èkejì. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja bí ẹni tó jí lójú oorun.

Adéyẹ́misí ń wò ó, Tófúnmi wà léjìká rẹ̀. Omi ò ta sílẹ̀.

"Ẹ tún un rìn," ló wí.

Màmá padà sí kíṣìnnì, ó sì tún wá. "Ṣé kí n jó sí i ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Adéyẹ́misí. "Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó wẹ̀ ẹ́ o."

Màmá gbé bàsíà kalẹ̀, ó jókòó, Adéyẹ́misí sì gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka méjì he sílípáàsì onírun, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí sáńdà máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ díẹ̀, ó sì bọ́ sílípáàsì tirẹ̀ náà síbẹ̀.